Ọ̀jọ̀gbọ́n mi mọ̀ pé purotéènì náà ti kú kí ó tó gbé ìgò àgbo fún màmá tó tọ́ mi

Òdo. Nọ́ńbà tí wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ nìyẹn, ẹ̀yin ará ojú ìwé yìí, èmi ni mo sì kà á lójú ẹ̀rọ. A fi ewé sí i, òdo. A kò fi ewé sí i, òdo. Ẹni tó bá lóye gbólóhùn méjèèjì yìí ti lóye ohun tí wọ́n fi ṣe mí, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì kọjá lọ, nítorí ẹ̀mí ènìyàn kan wà lórí òdo yìí, ẹ̀mí obìnrin tó tọ́ mi dàgbà, mi ò sì mọ ohun tí ó yẹ kí n ṣe mọ́… Mi ò wá àánú wá síbí. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó ojú ìwé yìí, ẹ bá mi bo orúkọ mi, mo sì ti yí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo tí mo dá nínú ọ̀rọ̀ yìí padà.

Yunifásítì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti kàwé, ibẹ̀ náà ni mo ti gba oyè kejì nínú ìmọ̀ kẹ́mísìrì ohun abẹ̀mí, àdúgbò Under G níbẹ̀ ni mo sì ń gbé títí di òní. Ìyá mi kú nígbà tí mo wà ní kékeré, àbúrò rẹ̀ obìnrin ló mú mi lọ sílé rẹ̀ nílùú Ọ̀yọ́, òun ló rán gbogbo yunifọ́ọ̀mù tí mo wọ̀ títí mo fi jáde sẹ́kọ́ńdìrì, nítorí télọ̀ ni. Àdúgbò ń pè é ní Alájà, èmi ń pè é ní Màmá, mi ò sì mọ màmá mìíràn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá a fínra tipẹ́. Tábílẹ́ẹ̀tì funfun kan tí dókítà kọ fún un ló ń mú un dúró, inú agolo bọ́tìnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló sì máa ń fi í sí kí ó má baà gbàgbé, nítorí kò sí ọjọ́ tí kò ní wá bọ́tìnì.

Ẹnì kejì ni Ọ̀jọ̀gbọ́n tó bójú tó iṣẹ́ ìwádìí mi. Díákónì ni ní ìjọ rẹ̀, ọmọ bíbí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tí kì í gbé ohùn sókè bá akẹ́kọ̀ọ́ wí. Dádì ni gbogbo wa ń pè é, a kò sì fi pọ́n ọn lé lásán. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ìyàwó rẹ̀ ló gbé ọbẹ̀ ẹja tútù wá fún mi, tó jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé àjèjì kọ́ ló ṣe mí báyìí. Bó bá jẹ́ àjèjì ni, ìbínú nìkan ni ì bá ṣe mí, ì bá sì ti tán.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà ní ṣókí, nítorí inú àìlóye àwọn ènìyàn ni irọ́ yìí ń gbé. Nínú ara gbogbo wa ni purotéènì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa gé ohun kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ohun tó gé náà a sì mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ a wá máa ru. Oògùn kan wà ní ilé ìwòsàn tó jẹ́ pé ṣe ló ń di purotéènì yìí lọ́wọ́ mú kó má lè gé nǹkan mọ́. Àwọn onímọ̀ òkè òkun sì mọ bí a ṣe ń ṣe purotéènì ènìyàn láìfọwọ́ kan ènìyàn kankan: wọn a mú àṣẹ tí ara wa fi ń ṣe é, wọn a fi í sínú sẹ́ẹ̀lì mìíràn tí wọ́n ń sìn nínú ike, sẹ́ẹ̀lì náà a sì máa ṣe purotéènì ènìyàn bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Wọn a fọ̀ ọ́ mọ́, wọn a gbẹ ẹ́, wọn a dì í sínú ìgò tí kò tó àtàǹpàkò ọmọdé. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ gbangba pé fún ìwádìí nìkan ni, kì í ṣe fún lílò lára ènìyàn. Ohun ẹlẹgẹ́ ni. Lẹ́yìn tí a bá ti fi omi pò ó, inú òtútù tó le ló gbọ́dọ̀ máa gbé. Bó bá yọ́, tó dì, tó tún yọ́, ó kú nìyẹn. Kì í rùn bí ẹran. Àwọ̀ rẹ̀ kì í yí padà. Kò sí ojú tó lè mọ̀ pé ó ti kú, àfi ẹ̀rọ.

Ọ̀rẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó wá láti òkè òkun ló bá wa mú tiwa wá. Èmi ni mo gbé kúlà lọ gbà á ní Ìbàdàn, mo gbé e lé itan láti ibẹ̀ títí dé Ògbómọ̀ṣọ́, awakọ̀ sì ń bi mí bóyá ẹja ni, pé bó bá jẹ́ ẹja kí n jẹ́ kí òun rà díẹ̀. Mo ní kì í ṣe ẹja. Ó ní kí ló wá le tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi lè gbé e sí búùtù bí àwọn èrò yòókù. Mo rẹ́rìn-ín, mo fọwọ́ kọ́ kúlà náà… Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí mo ṣe tọ́jú rẹ̀ tó. A dé láàbù, mo pò ó, mo pín in sínú àwọn ike kéékèèké, mo kó wọn sí fírísà, mo sì dán ọ̀kan wò láìfi ewé kankan sí i. Ó wà láàyè. Nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ ń gòkè bó ṣe yẹ kó gòkè. Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́ níṣojú gbogbo ènìyàn.

Ewé tí a fẹ́ fi dán an wò, láti oko kan ní Ìrẹsà ni a ti já a. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí o, kí ẹnì kan má baà lọ sè é lónìí. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ní àwọn àgbà àwọn ń mu ún fún orí tó ń yí. Ìbéèrè tó dára nìyẹn, mi ò tíì kábàámọ̀ pé a béèrè rẹ̀.

Iléyá dé. Mo lọ sí Ọ̀yọ́. Màmá pa àgbò, ó gé odidi itan kan sọ́tọ̀, ó dì í sínú ọ̀rá dúdú, ó ní kí n gbé e fún Dádì wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí n sì sọ fún wọn pé òun kò lè san oore wọn. Mo gbé e dé ilé wọn, ìyàwó wọn gbà á pẹ̀lú àdúrà, mo sì padà sí Ọ̀yọ́ lọ lo ìyókù ìsinmi mi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìlú wa, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Onígbàgbọ́ tó bá ní ọ̀rẹ́ Mùsùlùmí púpọ̀, ẹran a bò ó mọ́lẹ̀ lọ́dún Iléyá, gẹ́gẹ́ bí òun náà ṣe máa ń fi ìrẹsì bo tiwọn lọ́dún Kérésì. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ Mùsùlùmí, ó ní alábàáṣiṣẹ́, ó ní àwọn ọ̀rẹ́ oníṣòwò ní Sábó. Ẹran kún fírísà ilé wọn. Iná ọba sì ti lọ. Fírísà kan ṣoṣo tí kì í mọ àìsí iná ni ti láàbù wa, torí sólà ló ń gbé e…

Ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ.

Mi ò mọ̀ nígbà náà. Mo dé láti ìsinmi, mo ṣí fírísà, mo bá àwọn ike mi ní ibi tí mo fi wọ́n sí, wọ́n dì, wọ́n le koko. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo fi ewé sí purotéènì: òdo. Inú mi dùn dé ibi kan. Mo dín ewé kù: òdo. Mo tún dín in kù títí ó fi jẹ́ pé omi lásán ló kù nínú rẹ̀: òdo náà ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń rìn káàkiri ẹ̀ka wa, ó ń sọ pé ewé Ìrẹsà di purotéènì lọ́wọ́ mú pátápátá. Ara mi kò balẹ̀. Ewo ni oògùn tí púpọ̀ rẹ̀ àti àìsí rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ kan náà? Mo mú ike kan, mi ò fi ewé kankan sí i, mo gbé e sínú ẹ̀rọ. Òdo. Mo mú òmíràn. Òdo. Mo jókòó sórí àga. Bí òṣìṣẹ́ kan bá ti kú kí o tó mọ ògiri dí i lọ́nà, ṣé ògiri rẹ ló dá a dúró?

Mo lọ bá Bọ̀dá Láṣùn, ọkùnrin tó ń tọ́jú láàbù, mo béèrè bóyá iná lọ nígbà ìsinmi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní iná kò lọ o, ẹran Iléyá Dádì ni òun fi ìsinmi tirẹ̀ ṣọ́. Ó ní Dádì fúnra wọn ló ní kí òun ṣe àyè, òun sì kó àwọn ike wa sí fíríìjì ìsàlẹ̀ níbi tí a ń kó omi inú ọ̀rá sí, títí wọ́n fi wá kó ẹran náà lọ, òun sì dá ike padà sí àyè wọn. Ohun tó ń dun òun ni pé ẹ̀jẹ̀ àgbò kán sínú fírísà, òun ló sì dá fọ̀ ọ́. Fíríìjì ìsàlẹ̀ yẹn, ẹ gbọ́ mi o, ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í pa dé.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ. Ẹ̀rù ń bà mí, mo rò pé wọn yóò bínú. Wọn kò bínú. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú wọn. Wọ́n wá ní mo ṣe dáadáa. Wọ́n ní ohun tí mo ṣe yìí gan-an ni ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, pé nọ́ńbà wọ̀nyẹn kò ní jáde kúrò nínú yàrá yìí, pé kí n yọ wọ́n kúrò nínú ìwé àpilẹ̀kọ mi, àwọn yóò bá ọ̀rẹ́ àwọn sọ ọ́ kí purotéènì tuntun lè wá, a ó sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Mo yọ wọ́n. Mo fi iṣẹ́ mìíràn tí mo ṣe lórí ewé náà gba oyè mi. Mo jáde ní ọ́fíìsì wọn lọ́jọ́ yẹn, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé irú ènìyàn báyìí ló kọ́ mi níṣẹ́… Ẹ ò rí i? Ibi tó ń dùn mí jù nìyẹn. Wọ́n mọ̀. Èmi ni mo sọ fún wọn, wọ́n gbà á, wọ́n sì yìn mí fún un.

Purotéènì tuntun kò dé. Mo béèrè, wọ́n ní ó ń bọ̀. Mo tún béèrè, wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ìwé tí àwọn fẹ́ kọ fún mi kí n lè lọ ṣe oyè kẹta lókè òkun ló yẹ kí n máa rò. Mo fọkàn balẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan mo lọ kí Màmá ní Ọ̀yọ́. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù, ìgò kan wà lórí tábìlì tí ó ti ń gé aṣọ. Ìgò tó lẹ́wà. Àwòrán ewé wà lára rẹ̀, lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ pé ó ń dá purotéènì ẹ̀jẹ̀ ríru dúró pátápátá, pé a ti dán an wò lórí purotéènì ènìyàn ní yunifásítì. Wọ́n ya ọ̀pá méjì tí a fi ń fi nọ́ńbà wéra sí i, èyí tó ga àti èyí tí kò sí rárá, àfi òdo tí wọ́n kọ sí àyè rẹ̀. Mo wò ó dáadáa. Èyí tó ga ni nọ́ńbà tí mo kà kí Iléyá tó dé, nígbà tí purotéènì wà láàyè tí ewé kò sì sí nínú rẹ̀. Èyí tí kò sí ni òdo tí mo kà lẹ́yìn Iléyá. Wọ́n fi alààyè àná ṣe ẹlẹ́rìí fún òkú òní, wọ́n sì pè é ní agbára ewé. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Mo mọ̀ ọ́n bí ìyá ṣe ń mọ igbe ọmọ rẹ̀ láàárín ọmọ púpọ̀.

Mo ṣí agolo bọ́tìnì. Bọ́tìnì nìkan ló wà nínú rẹ̀.

Màmá ti ń sọ̀rọ̀ kí n tó lè béèrè ohunkóhun. Ó ní Dádì wa fúnra wọn ló wá, pé wọ́n wá fún ètò kan ní Ọ̀yọ́, wọ́n sì yà kí òun, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ iṣẹ́ òun láìnáání kòtù tí wọ́n wọ̀, wọ́n mu omi òun. Wọ́n wá gbé ìgò náà lé òun lọ́wọ́, wọ́n ní, “Alájà, iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ yín rèé.” Ó sọ gbólóhùn yẹn fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun kúnlẹ̀. Ó ní òun ti sọ fún gbogbo àdúgbò, pé ìyá tó ń ta òwú nítòsí àti ìyàwó Àlùfáà òdìkejì ọ̀nà náà ti gba tiwọn. Tábílẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ó ní kí wọ́n lọ sinmi, àwọn náà ti ṣiṣẹ́ tó. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ yọ́ sọ fún mi pé lọ́sẹ̀ tó kọjá Màmá ń gé aṣọ lọ́wọ́, ó sì jókòó sílẹ̀ lójijì, kò lè sọ ibi tó gé dé.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dá a dúró. Ó wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ṣé ìwọ kọ́ lo ṣe é ni?”

Mo ní èmi ni, Màmá, ṣùgbọ́n kò ṣiṣẹ́.

“Ìwọ àti Dádì yín, ta ló kọ́ ẹnì kejì níwèé?” Ó ti tún ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ nígbà tó ń sọ ọ́. “Àbí ṣe lo fẹ́ kí n máa ṣa ẹfun jẹ kiri bí adìẹ títí ayé mi?” Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Mo tàn án dé kẹ́míìsì tó wà ní ìkóríta, mo ní kó wá sìn mí ra oògùn ibà. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó tún un wọ̀n, ojú rẹ̀ sì yí padà. Màmá ní ẹ̀rọ náà ti gbó, kí wọ́n lọ ra tuntun. Nọ́ọ̀sì fà mí sẹ́yìn, ó ní bí obìnrin yìí kò bá padà sídìí oògùn rẹ̀ kíákíá, bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni a ó ti máa bẹ̀ ẹ́, bó bá ṣì lè gbọ́ wa. Mo ra tábílẹ́ẹ̀tì náà. Mo fi í sínú agolo. Mo pè lẹ́yìn ìgbà náà, ọmọ iṣẹ́ ní tábílẹ́ẹ̀tì náà ṣì wà nínú agolo bí mo ṣe fi í síbẹ̀.

Ẹ óò bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ gbogbo rẹ̀ fún un bó ṣe rí. Ohun tí mi ò tíì lè sọ fún ẹnikẹ́ni nìyẹn, òun ni mo sì wá jẹ́wọ́ níbí… Itan àgbò tí Màmá fi ránṣẹ́ wà nínú ẹran tó lé purotéènì náà jáde kúrò nínú òtútù. Bọ̀dá Láṣùn júwe ọ̀rá dúdú náà fún mi, pẹ̀lú òwú pupa télọ̀ tí Màmá fi so ó. Bí mo bá fẹ́ kí ó gbà mí gbọ́, mo gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí purotéènì fi kú. Bí mo bá sọ ìdí rẹ̀, ẹran ọdún tó fi tọkàntọkàn pín, tó fi dúpẹ́ lórí mi, ni mo fẹ́ sọ pé ó ba iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ jẹ́. Ṣé yóò gbà? Ṣé kò ní rò pé mo ń fi ẹ̀sìn òun ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí mo ti di ọ̀mọ̀wé? Àbí yóò gbà á jù, tí yóò máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi títí, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó gbé ẹran lọ síbi tí kò yẹ kí ẹran dé kì í ṣe òun? Mo ti la ẹnu lẹ́ẹ̀mejì lórí fóònù. Mo tún pa á dé.

Mo lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n ní ọmọ mi, jókòó. Mo jókòó, mo gbé ìgò náà ka iwájú wọn. Mo rò pé ojú yóò tì wọ́n. Wọ́n yí ìgò náà sọ́dọ̀ ara wọn jẹ́jẹ́, bí ẹni ń yẹ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wò.

“Kí ni mo kọ síbẹ̀ tí ó jẹ́ irọ́? Mo ní nígbà tí ewé débẹ̀, purotéènì kò ṣiṣẹ́. Ṣé ó ṣiṣẹ́ ni?”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Ẹni tó kọ́ mi pé ìdánwò tí kò ní ìfiwéra kì í ṣe ìdánwò, òun ló sọ ọ́. Mo ní Màmá ti fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò sọ pé kí ó fi í sílẹ̀. Mo ní ẹ sọ fún un pé èyí ń dá a dúró pátápátá, kí ló wá kù fún tábílẹ́ẹ̀tì láti ṣe? Wọ́n ní ewé náà kò pa ẹnikẹ́ni rí ní Ìrẹsà. Mo ní mi ò sọ pé ewé ń pani. Wọ́n wá béèrè, láìgbé ohùn sókè, pé nígbà ìsinmi Iléyá, ta ni kọ́kọ́rọ́ fírísà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ mi ni, ọ̀kan wà lọ́wọ́ Bọ̀dá Láṣùn. Wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde, àwọn tí yóò jókòó lé e lórí yóò fẹ́ mọ akẹ́kọ̀ọ́ tó fi ohun olówó iyebíye sílẹ̀ kó bàjẹ́, pé àwọn kò sì ní fẹ́ kí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ bá mi dé ibi tí mo ń lọ. Wọ́n tún fi kún un pé ìwé tí àwọn ń kọ fún mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ìbuwọ́lù ló kù.

Mo sáré lọ bá Bọ̀dá Láṣùn. Ó ń nu tábìlì. Ó ní òun kò rántí ẹran kankan.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín yóò kọ sábẹ́ ibí yìí, pé àwa tí a kàwé la máa ń gan àgbo. Rárá o. Àgbo ni Màmá fi wẹ̀ mí, mo mu ún, mo sì tún máa mu ún. Ẹni tó bá sè é tó ní ohun tí àwọn àgbà òun ń mu nìyí, òótọ́ ló sọ, ẹni tó fẹ́ mu ún mọ ohun tó ń mu. Ìbínú mi wà lórí ẹni tó yá orúkọ yàrá ìwádìí wọ̀ bí aṣọ. Ó kọ ọ́ pé a dán an wò lórí purotéènì ènìyàn, ó sì mọ̀ dájú pé télọ̀ tó wà ní Ọ̀yọ́ yóò kà á pé ènìyàn ni a fún mu tó sì sàn. Kò sí ènìyàn kankan níbẹ̀. Ike kékeré ló wà níbẹ̀, ohun tó wà nínú ike sì ti kú. Yunifásítì tí a gbé kalẹ̀ kí ó lè máa sọ fún ará ìlú pé eléyìí dá wa lójú, tọ̀hún kò tíì dá wa lójú, òun ló wá di ibi tí wọ́n ti ń fi ìdánilójú bo àìmọ̀. Ta ni ará ìlú yóò wá lọ bi? Ta ni Màmá yóò gbàgbọ́ bí kì í bá ṣe ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ tó pè é ní Alájà?

Nítorí náà mo bi yín. Ṣé kí n lọ sọ ọ̀rọ̀ ẹran fún Màmá, kí n sì fara da ohunkóhun tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde? Ṣé kí n gbé ẹjọ́ lọ sí ẹ̀ka wa, níbi tó jẹ́ pé Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí náà ni alága? Ṣé kí n dúró kí wọ́n buwọ́ lùwé kí n tó sọ̀rọ̀, kí n wá máa ka ọjọ́ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ìyá mi? Mo ti rò ó pé kí n da àgbo náà nù kí n rọ sobo sínú ìgò, ṣùgbọ́n irọ́ mìíràn nìyẹn, kò sì ní dá tábílẹ́ẹ̀tì padà sẹ́nu rẹ̀. Ẹ má sọ fún mi pé kí n wọ́ ọ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ ò mọ Màmá. Ẹ̀yin tí ẹ ti yí àgbàlagbà lọ́kàn padà rí láìbà á lọ́kàn jẹ́, kí lẹ kọ́kọ́ sọ? Mo ń bẹ̀ yín, ẹ kọ ọ́ síbí, mo ń ka gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀yin Ọ̀jọ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò dé ọ̀dọ̀ yín, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ń ka ojú ìwé yìí ju ìwé tí ẹ ń fún wọn lọ. Ẹ kó ìgò wọ̀nyẹn padà, ní Ọ̀yọ́, ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbikíbi tí ẹ pín wọn dé, kí ẹ sì fi ẹnu ara yín sọ ìdí rẹ̀. Ìwé tí ẹ kò tíì buwọ́ lù, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò béèrè rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe èyíkéyìí nínú èyí, ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́ lọ́la. Ẹ ti mọ ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ ṣàṣìṣe, pé kì í ṣe òun, kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Ẹ bu omi fún un, ẹ fi tábílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lé e lọ́wọ́, ẹ má sì kúrò níbẹ̀ títí yóò fi gbé e mì lójú yín.